"Must have" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀: bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń méfò àti bó ṣe ń kábàámọ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ ímeèlì sí ọ̀gá mi láti fi tọrọ àforíjì, torí mo kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan láì sọ fún un. Ohun tí mo kọ ni 'I must have told you before I left.' Èsì tó fún mi ni 'Did you? I don't remember that.' Ó wá dà bí ẹni pé mò ń bá a jiyàn. Ṣé 'must' kì í ṣe 'gbọ́dọ̀' mọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya 'must have', 'should have', 'could have' àti 'might have' sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ti dàrú mọ́ mi lójú pátápátá."

Ìdáhùn: Ọ̀gá yín kò ṣì yín gbọ́. Ohun tí ẹ kọ gan-an ló kà. "I must have told you before I left" kò ju pé: ó ní láti jẹ́ pé mo sọ fún yín kí n tó kúrò. Ẹ fẹ́ gbà pé ẹ jẹ̀bi, gbólóhùn yín sì dá yín láre. Èyí tí ẹ ń wá ni "I should have told you before I left." Ọ̀rọ̀ kan péré ló yí padà, ìtumọ̀ dorí kodò.

Bó ṣe rí nìyí. "Must" tó dúró láìsí "have" ń ṣe iṣẹ́ méjì. "You must go" jẹ́ dandan: ẹ gbọ́dọ̀ lọ. "You must be tired" jẹ́ ìméfò: ẹni tó sọ ọ́ kò sí nínú ara yín, ojú yín ló wò tó fi sọ pé ó ti rẹ̀ yín. Àwa náà mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. A máa ń sọ pé "ó ní láti jẹ́ pé ó ti rẹ̀ yín", "ní láti" kan náà tí a fi ń sọ dandan. Ṣùgbọ́n bí "have" bá ti tẹ̀lé "must", tí ọ̀rọ̀ sì jẹ́ ti ohun tó ti kọjá, dandan ti kúrò níbẹ̀, ìméfò nìkan ló kù. Dandan ti àná ń jẹ́ "had to": "I had to leave early." Ohun tó yẹ ká ṣe lánàá tí a kò ṣe ń jẹ́ "should have". Ẹ ṣì lè bá "must have" pàdé gẹ́gẹ́ bí dandan nínú òfin àti ìkéde iṣẹ́, irú "Applicants must have completed their training by June", ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́dọ̀ ti parí kí ọjọ́ kan tó pé ni ìyẹn ń sọ, kò kan ẹ̀bẹ̀ tàbí àbámọ̀.

Ibi tí àṣìṣe yìí ti ń wọlé sí ọ̀pọ̀ nínú wa lára ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí ara padà nítorí àná. Ẹ gbé "ó yẹ kí n pè é" yẹ̀ wò. Ẹ lè sọ ọ́ nígbà tí fóònù ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì lè sọ ọ́ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán, tí ẹ káwọ́ lérí. Ohùn yín àti ohun tí ẹ ti sọ ṣáájú ni ẹni tó ń gbọ́ yóò fi mọ èyí tó jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kò fún yín ní àyè yẹn. "I should call her" ń sọ pé àyè ṣì wà. "I should have called her" ń sọ pé ó ti bọ́. Ẹni tó bá kọ "I should call her yesterday" ti fi ẹsẹ̀ kan sí òní, ó fi èkejì sí àná.

"Have" ló ń dá ojú gbólóhùn kọ ẹ̀yìn. Kò túmọ̀ sí "ní" rárá níbí yìí. "Ti" inú "ó ti lọ" ló jọ jù. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ("must", "should" àti irú wọn), èyí tí wọ́n ń pè ní modal, ń sọ bó ṣe dá yín lójú tó tàbí bó ṣe dùn yín tó. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó kẹ́yìn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tàbí tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹ má bi modal léèrè ọjọ́ o. Láyé àtijọ́, "should", "could", "might" àti "would" ni ọ̀rọ̀ àná fún "shall", "can", "may" àti "will", kódà "must" fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àná fún ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó ti kú kúrò nínú èdè náà. Wọ́n ti lo agbára àná yẹn tán lórí nǹkan mìíràn, ìdí rèé tí wọ́n fi ń yá "have" lò. (Lẹ́tà "l" inú "could" náà, wọ́n kàn fi síbẹ̀ kó lè jọ "would" àti "should" ni. Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í pè é.)

Kí ẹ tó kọ irú gbólóhùn yìí, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: ṣé mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Bí ẹ kò bá mọ̀, ìméfò ni, ẹ ó sì mú nínú "must have", "may have", "might have", "could have" àti "can't have". Bí ẹ bá mọ̀, tó sì jẹ́ òdì-kejì ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ ń sọ, àbámọ̀ tàbí ẹ̀sùn ni, ẹ ó sì mú nínú "should have", "could have", "might have", "needn't have" àti "would have". Ẹ rí i pé "could have" àti "might have" wà níhà méjèèjì. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, a ó débẹ̀.

Ìméfò

Ẹ jẹ́ ká dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kan lálẹ́. Iná ń tàn lábẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ sì ń gbọ́ bí kíbọ́ọ̀dù ṣe ń dún. Ẹ kò rí ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ẹ lè sọ pé "She must be in there", tàbí "She must be working." Bó bá jẹ́ pé iná nìkan lẹ rí, tí ibẹ̀ pa lọ́lọ́, ẹ ó rọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: "She may be in there", "She might be in there", "She could be in there." Bó sì jẹ́ pé iná ti kú, tí àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn lóde, "She can't be in there."

Ilẹ̀ wá mọ́. Ẹ ń sọ ohun tí ẹ rí lánàá fún ẹlòmíràn. Modal kò yí padà, "have" kàn wọ àárín ni: "She must have been in there." "She must have been working." "She might have been in there." "She can't have been in there." Bí ẹ bá sì rò pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, pé ẹnì kan ló kàn gbàgbé láti pa iná, "The light must have been left on." Gbogbo rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ fi ojú rí tàbí tí ẹ fi etí gbọ́ ló ń yan modal fún yín. Bí ẹnì kan bá bi yín pé "báwo lẹ ṣe mọ̀?" tí ẹ kò rí àmì kan tọ́ka sí, ẹ fi "must" sílẹ̀, kí ẹ mú "might".

Ibi tí àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa pàápàá ti ń kọsẹ̀ ni bí ọ̀rọ̀ bá di "kò". Òdì-kejì "She must be in there" kì í ṣe "She mustn't be in there." Èyí jẹ́ èèwọ̀: kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. "Can't" ni òdì-kejì "must" nínú ìméfò. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sọ "She must not have seen my message" láti fi méfò, kò sì sí àṣìṣe nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà dín in kù sí "mustn't have". Àwọn ará Bìrìtìkó a máa fẹ́ "She can't have seen my message", èyí náà sì ni ìwé ẹ̀kọ́ tiwọn ń kọ́ni. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí.

Ọ̀kan ṣì kù nínú ọ̀rọ̀ "kò" yìí, òun ló sì léwu jù. "He might not have seen it" àti "He couldn't have seen it" jìnnà síra wọn bí ilẹ̀ sí ojú ọ̀run. Yorùbá yóò gbà yín níbí, ẹ ṣáà wo ibi tí "kò" dúró sí. Èkíní: ó lè jẹ́ pé kò rí i. Èkejì: kò lè jẹ́ pé ó rí i. Nínú èkíní, "kò" wà lára rírí, "lè" ṣì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Nínú èkejì, "kò" ti jókòó lé "lè" lórí, kò sí àyè mọ́. Ẹni tó bá kọ "He couldn't have seen the warning" nínú ìwé ìwádìí ìjàm̀bá ti dá ọkùnrin náà sílẹ̀ lómìnira. Ẹni tó kọ "He might not have seen the warning" ṣì ń wádìí lọ.

"Can" fúnra rẹ̀, láìsí "not", kì í méfò nípa ẹnì kan tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó. "It can be cold in the mountains" dára, torí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n "She can be in there now" kò bójú mu, "She can have forgotten" sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìbéèrè ni "can have" ti sábà máa ń yọjú: "Where can she have gone?" Bí ẹ bá sì fẹ́ béèrè, ẹ má ṣe fi "must" tàbí "may" bẹ̀rẹ̀. "Could she have forgotten?" ni, tàbí èyí tó rọrùn jù lọ, "Do you think she forgot?"

"May have" àti "might have" kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ bí ẹ kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Might" kàn rọ̀ díẹ̀ ni. Níbi tí ẹ bá ti mọ ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ nìkan ni kí ẹ ti ṣọ́ra. "The fall may have killed him": a kò tí ì mọ̀ bóyá ó wà láàyè. "The fall might have killed him": ó ṣeé ṣe kí ẹ máa sọ ọ́ nígbà tí ọkùnrin náà jókòó tì yín, tí ẹ ń dúpẹ́ pé kò kú. Àwọn oníròyìn máa ń fi "may" síbi tó yẹ kí "might" wà, àwọn òǹkàwé tó mọ̀ ọ́n a sì máa bínú. Bí ohun náà kò bá ṣẹlẹ̀, "might have" ni kí ẹ kọ.

Àbámọ̀ àti ẹ̀sùn

"Should have" lọ́ba níhà yìí. "I should have told you": ó yẹ kí n sọ, mi ò sọ. "I shouldn't have left": kò yẹ kí n kúrò, mo kúrò. "Ought to have" ń ṣe iṣẹ́ kan náà, òun nìkan ló sì ń gba "to" mọ́ra, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lẹ́nu mọ́. Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá jẹ́ "I", àbámọ̀ ni. Bó bá di "you", ó ti di ìbáwí, ó sì wúwo. Ẹ má kọ "You should have informed me" sí ẹni tó jù yín lọ bí ìjà kọ́ lẹ ń wá. "It would have helped to know earlier" sọ ohun kan náà láì nàka sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo "should have" ló ń kábàámọ̀. "The parcel should have arrived by now" ń sọ ohun tí a ń retí: ní ìṣirò wa, ó yẹ kó ti dé. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tí ẹ fún lẹ́bùn tó ní "Oh, you shouldn't have!" kò bá yín wí. Ọpẹ́ ló ń dá. Ẹ má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ o.

"Could have" níhà àbámọ̀ ń sọ pé ọ̀nà wà, a kò gbà á. "I could have phoned" kò sọ pé ó di dandan kí n pè. Ó sọ pé fóònù wà, àyè wà, mi ò sì pè. Nítorí náà, nínú ẹ̀bẹ̀, kò lágbára tó "should have". Àmọ́ lẹ́nu ẹni tí inú ń bí, "You could have told me!" jẹ́ ẹ̀sùn gidi, àwọn ará Bìrìtìkó tún máa ń sọ "You might have told me!" bákan náà.

Ìṣòro tí mo ní a ó débẹ̀ wá nìyí. "She could have taken the train." Ṣé a kò mọ ọkọ̀ tó wọ̀ ni, tó lè jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀? Àbí a mọ̀ pé kò wọ̀ ọ́, tí à ń sọ pé ì bá wọ̀ ọ́? Ìwé kò lè sọ fún yín, ohun tó wà níwájú àti lẹ́yìn ló lè sọ ọ́. Bí ìméfò bá lẹ fẹ́, ẹ kọ "She may have taken the train", kò sẹ́ni tí yóò ṣì í gbọ́. Bí àǹfààní tó bọ́ bá lẹ fẹ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan tì í lẹ́yìn: "She could have taken the train, but she drove." Ẹ tún ṣọ́ "couldn't have" tó ń yin nǹkan: "It couldn't have gone better" kì í ṣe ẹ̀dùn, ó ní kò sí bó ṣe tún lè dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Needn't have" kò ní ariwo púpọ̀. "I needn't have hurried": mo sáré, ó wá hàn pé asán ni. "I didn't need to hurry" kò sọ bóyá mo sáré tàbí mi ò sáré. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ lo èkíní.

Ti "would have" ni Yorùbá ti mú yín lọ́wọ́ dé ilé tán, bí ẹ bá jẹ́ kó mú yín. "Ká ní mo mọ̀, ǹ bá ti sọ fún yín": "If I had known, I would have told you." "Mi ò bá tí lọ": "I wouldn't have gone." Gbogbo ibi tí irú "bá ti" tàbí "bá tí" yìí bá ti jáde lẹ́nu yín, "would have" ló yẹ kó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. Apá "ká ní" sì ń gba "had" nìkan. "If I would have known" wà lẹ́nu àwọn kan ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà. "If I knew" náà kò sí fún àná. "Ká ní mo mọ̀ ọ́n báyìí" ni ìyẹn. "Wish" ń tẹ̀lé òfin kan náà: "I wish I had told you." Kì í ṣe "I wish I have told you", kì í sì í ṣe "I wish I should have told you".

Bí a ṣe ń kọ ọ́ àti bí a ṣe ń pè é

"Have" kì í di "has" lẹ́yìn modal láéláé, ẹnì yòówù kó ṣe é: "She must have gone." Ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé e ni ẹ̀kẹta nínú mẹ́ta tí wọ́n ń kọ́ wa: go, went, gone, see, saw, seen. "I should have went" ń jáde lẹ́nu àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn pàápàá, ṣùgbọ́n nínú ìwé, àbùkù ni.

Etí yóò tàn yín nínú èyí tó kàn. Lẹ́nu wọn, "have" yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. "Should have" di "should've", ó sì dún gẹ́lẹ́ bí "should of". Ìdí nìyẹn tí àwọn tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ "should of" kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí "of" kankan níbẹ̀. Nínú "must've been", "t" inú "must" náà sábà máa ń pòórá. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ohùn yín wúwo lórí ọ̀rọ̀-ìṣe tó kẹ́yìn, kí "have" sáré kọjá. Bí ẹ bá ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára, yóò dà bí ẹni tó ń pàṣẹ.

Nínú ìdáhùn kúkúrú, ẹ má gé "have" dànù. "Did she get the message?" "She must have." Bí ẹ bá ní "She must", ẹ ti padà sí dandan. Bí "was" bá wà nínú ìbéèrè, ẹ mú "been" wá: "Was she angry?" "She might have been."

Ó ku lẹ́tà yín. Ẹ kọ́kọ́ tún èyí tó ti lọ ṣe, láì fọ̀rọ̀ gùn: "Sorry, I put that badly. I meant that I should have told you. I didn't." Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣàlàyé: "I could have sent you a message, but I thought you were in a meeting. If I had known you were free, I would have come to your office." "Should have" gba ẹ̀bi, "could have" jẹ́wọ́ pé ọ̀nà wà, "would have" sọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn. Ẹ má sì fi "I must have made a mistake" kún un, bó ti wù kó dùn létí tó. Ó ń sọ pé ó jọ pé ẹ ṣe àṣìṣe, bí ẹni pé ẹ ṣì ń wádìí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹ ṣe é: "I made a mistake."